Arlene Kvamme àti Àlejò Oṣù Kọkànlá

Ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn Ẹfọ̀n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Selwick, bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, kò sẹ́ni tí ń bèèrè ibi tí Arlene Kvamme wà. Èéfín ẹran ní í fi í hàn. Ẹ̀yìn pápá ìṣeré, níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí, ló máa ń dáná sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù pupa tí ọkọ rẹ̀, Verl, fi ń kó àlìkámà nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, yóò jẹun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yóò jẹun, yóò sì mọ̀ ọ́n kó tó kúrò níbẹ̀.

Àgbẹ̀ ni Arlene. Àárín àwọn òkè àlìkámà tó yí Selwick ká ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló lọ́kọ sí. Kò jókòó ní kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà lọ́jọ́ kan rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé kí ló kàn án pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, á ní, "Ìlú wa kéré. Àwọn ọmọ yìí ló ń jẹ́ káyé mọ̀ pé a wà."

Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọn a sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Nínú gbogbo Sátidé ọdún, ọ̀kan ló jẹ́ ọba: èyí tó ń parí sáà ní oṣù kọkànlá, tí àwọn Ẹfọ̀n máa ń kojú àwọn Àṣá, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Port Merrin, ní etí òkun. Bí wọ́n bá gbá a ní Selwick lọ́dún yìí, Port Merrin ni lọ́dún tó ń bọ̀. Òkè ńlá ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn ará etí òkun ní ará oko pọ́ńbélé ni ará Selwick. Àwọn ará Selwick náà ní ìgbéraga ti jẹ́ kí ará etí òkun gbàgbé pé ẹja ni wọ́n ń rùn.

Inú èébú yìí ni Arlene ti mọ Gus Padovan. Apẹja ni Gus, Àṣá sì ni títí dé inú eegun. Ní ọdún tí Arlene àti Verl ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, yìnyín bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn eré. Verl bá Gus àti ìyàwó rẹ̀, Marija, nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń gbọ̀n, ó sì kó wọn lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù kọkànlá tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í pàdé. Gus a gbé ẹja sámọ́ọ̀nù tó fi èéfín igi yan fúnra rẹ̀ wá. Arlene a se ẹ̀wà oníata tí ẹran kún inú rẹ̀. Kí wọ́n tó kí ara wọn, wọn a ti bú ara wọn ná.

"Ìyá Àlìkámà, ṣé o mú aṣọ ìnujú dání? Ẹkún ń bọ̀ lónìí o."

"Baba Ẹlẹ́ja, lọ wẹ̀ ná. Orí òkè lo wà tá a ti ń gbóòórùn ẹ."

Marija ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tó ṣe, Verl náà tẹ̀ lé e. Gus wà lára àwọn tó gbé pósí Verl, ó sì wọ aṣọ elésè àlùkò ti àwọn Àṣá sábẹ́ kóòtù dúdú, nítorí Verl ti sọ fún un lórí àìsàn pé bí kò bá wọ̀ ọ́ wá, òun ò ní mọ̀ pé Gus ni. Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì fajú ro. Arlene ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ tọ́kọ rẹ̀ ti kú.

Oṣù kẹjọ ni ìròyìn dé, nígbà ìkórè. Arlene wà lórí ẹ̀rọ ìkórè nígbà tí ọmọ rẹ̀, Janelle, tó ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nítòsí pápá ìṣeré, pè é.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbọ́? Port Merrin ti kúrò nínú líìgì."

"Kúrò lọ síbo?"

"Líìgì àwọn ará ìlà oòrùn lọ́hùn-ún. Tẹlifíṣọ̀n ló gbówó kalẹ̀. Àwọn tó kù náà ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bóyá àwa la máa ṣẹ́kù."

Arlene pa ẹ̀rọ. "Ta ló wá máa bá wa gbá ti oṣù kọkànlá?"

Janelle ní kò sẹ́ni tó tíì mọ̀.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Arlene pe Gus. Ó rò pé inú á ti máa bí Gus náà, pé àwọn á jọ bínú, ara á sì tu àwọn. Ṣùgbọ́n ohùn Gus ń dán bí ohùn ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ó dùn mí fún yín, Arlene. Àmọ́ àwọn ọ̀gá la fẹ́ máa bá gbá báyìí. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá dúró fún, ṣé kò ní wọ̀ ọ́ ni?"

"Àwa tá a jọ wà nínú ọkọ̀ kékeré ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i o."

"O ò fọwọ́ sí i, àmọ́ ò ń rẹ́rìn-ín. Verl ló gbé ẹ kúrò nínú yìnyín, Gus."

"Kí wá ni ti Verl nínú èyí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Arlene gé fóònù, kò sì pe Gus mọ́. Gus náà ò pè é.

Ìyà ọdún tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Líìgì kan gba Selwick mọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú ọ̀nà wọn ló kún inú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló ń yan ọjọ́: nígbà mìíràn, alẹ́ Ọjọ́rú. Àgbẹ̀ wo ló máa jí lọ sóko ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn irú alẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù kó ẹrù wọn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ńláńlá. Owó tán lọ́wọ́ ilé ìwé, wọ́n tú ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ká. Janelle ti àjà òkè òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pa, ó sì dá obìnrin tó ń bá a tún yàrá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dúró, àwọn méjèèjì ń sunkún. Arlene ṣì ń dáná, ṣùgbọ́n ìkòkò tó máa ń ṣófo kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gbé e padà sílé láàbọ̀.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, wọ́n gbé páálí kan dé láti Port Merrin. Ẹja yíyan ni. Arlene jù ú sínú fìríìsà láìtú u.

"Mọ́mì," Janelle sọ, "ẹja ò ṣẹ̀ yín."

"Ẹni tó yan án ló ṣẹ̀ mí."

Lọ́dún kejì, àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì ní àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀: àwọn Ẹfọ̀n àti àwọn Àṣá á tún pàdé, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni, ní pápá tí wọ́n yá ní ìlú ńlá kan. Arlene gbọ́, ó pòṣé. "Ẹni tó mú oṣù kẹsàn-án ò gbin àlìkámà rí." Orí katakata ló ti gbọ́ eré náà lórí rédíò, irúgbìn ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n na àwọn Ẹfọ̀n ní ànàsùn.

Ó ń retí kí Gus pè. Ìjà ò ní kó má pè. Àwọn Àṣá na àwọn Ẹfọ̀n, kí Gus Padovan má fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́? Ilẹ̀ mọ́, fóònù ò dún. Ọ̀sẹ̀ yí po, kò dún. Ìdákẹ́jẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà á ju nínà lọ. Bí ó ti gbin poro tó kẹ́yìn tán, ó wọ ọkọ̀, ó sọdá òkè.

Sátidé ló dé ilé Gus, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Àwọn Àṣá ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ọ̀sán ti pọ́n níbi tí wọ́n ti ń gbá a ní ìlà oòrùn. Gus jókòó níwájú rẹ̀, ó ti pa ohùn rẹ̀. Kò wọ aṣọ elésè àlùkò. Irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ti rù.

"Ìyá Àlìkámà."

"Baba Ẹlẹ́ja. Mo rò pé o ti kú ni."

"Ó ku díẹ̀. Jókòó."

Ó bu kọfí fún un. Wọ́n wo àwọn tí wọ́n ń bá àwọn Àṣá gbá fún ìgbà díẹ̀. Arlene bi í pé àwọn wo nìyẹn. Gus ní òun ò mọ̀, pé orúkọ ìlú wọn gùn.

"Kí ló dé tóò pè mí?" Arlene bi í. "Ẹ nà wá bí ẹni na aṣọ òfì. Mo jókòó ti fóònù bí ọmọge."

Gus gbé ife kalẹ̀. "Mi ò wo eré yẹn. Wọ́n ti gba àga mi, Arlene. Ibi tí èmi àti Marija ti ń jókòó látìgbà tá a ti wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń fún kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́bùn ńláńlá ló máa jókòó síbẹ̀ báyìí. Wọ́n fún mi ní àga míì lókè, lẹ́bàá ojú ọ̀run. Orúnkún mi ò lè gun ibẹ̀. Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà fún wọn."

"O ò wá sọ fún mi?"

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹnu tí mo fi sọ pé ọkọ̀ ńlá la wọ̀?"

Arlene ní, "Wọ́n sì jù ẹ́ sómi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Gus láìròtẹ́lẹ̀. "Wọ́n jù mí sómi, arábìnrin. Mi ò sì mọ̀ pé mi ò mọ̀wẹ̀ mọ́."

"Kò yẹ kí n fi Verl bú ẹ."

"Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

"Mi ò jẹ ẹja ẹ."

"Janelle ti sọ fún mi."

"Ọmọ burúkú," Arlene wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó yá ó ní, "Lópin oṣù kọkànlá, àwọn kan ń bọ̀ wá bá wa gbá. Mi ò mọ̀ wọ́n. Mi ò tiẹ̀ mọ èébú tí wọ́n ń bú wọn."

"Kí n wá?"

"Tóò bá wá, ta ni mo fẹ́ bú?"

Gus wá. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ elésè àlùkò rẹ̀, ó sì gba àárín èrò aláṣọ pupa, àwọn olólùfẹ́ Ẹfọ̀n, kọjá bí ẹni tó ni ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti mutí yó nawọ́ sí i. "Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ wá ṣe kí ni níbí? Ẹ ti tà wá!"

Gus dúró, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Arlene bọ́ síwájú, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlejò mi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá máa bú u, èmi ni. Ó ti ń dé ìlú yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Gba ẹ̀wà, kí o lọ jókòó."

Ọkùnrin náà gba ẹ̀wà.

Pápá ò kún dé ìdajì. Òtútù mú, àwọn Ẹfọ̀n ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwọn àlejò náà ò sàn jù wọ́n lọ.

"Bọ́ọ̀lù yín burú," Gus sọ.

"Ó burú," ni Arlene dáhùn. Gus yíjú wò ó, nítorí obìnrin náà ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ò dìde títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí. Selwick ló borí, pẹ̀lú wàhálà.

Eré àwọn Ẹfọ̀n àti àwọn Àṣá ò tíì padà sí oṣù kọkànlá, kò sì sẹ́ni tó gbà pé yóò padà. Janelle ti sọ àjà òkè òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Ìyẹn ń gbé e ró. Gus kò di Ẹfọ̀n, kò sì jọ pé yóò di ọ̀kan nínú wọn láé. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, yálà Sátidé ni tàbí Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni tí ì báà máa bá Selwick gbá, Gus á wakọ̀ wá, á jókòó sórí àga onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná Arlene, á sì máa bu oúnjẹ fún àwọn tó ń bá ìlú tirẹ̀ ṣọ̀tá.