Mẹ́dàlì Bọ́látitó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orí bàbá mi dàrú. Wọ́n sọ ọ́ ní Odigbo, wọ́n sọ ọ́ ní sọ́mìlì, ilé ìlagi tó ti ń ṣe akọ̀wé ní Ore. Èmi Moyọ̀sọ́lá ọmọ rẹ̀ náà sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ògúndípẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Mẹ́dàlì òyìnbó ló ń kó jọ: ti àwọn tó lọ jagun ní Bọ́mà, ti àwọn àgbà tó ja ogun Jámánì tó ṣáájú ti Hítílà, ti àwọn tó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Inú agolo mílíìkì ńlá kan ló ń kó wọn sí lábẹ́ ibùsùn.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, Bọ́látitó. Ó bá ọkọ̀ akẹ́rù àwọn òyìnbó lọ nígbà ogun Hítílà, òun ló ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yin ọkọ̀ náà ní bọ́ǹbù lójú òkun, ó rì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí kò sí bí a ṣe lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n á gé wá, a ó sì sin ín bíi pé òun gan-an la sin. Ti Bọ́látitó, omi gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun ni ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ mú mẹ́dàlì rẹ̀ wá láti Èkó, roboto, tó ní orí ọba òyìnbó lójú. Alágbẹ̀dẹ kan ti fi ṣóńṣó irin fín orúkọ Bọ́látitó sí etí rẹ̀.

Ìyá wọn, Màmá Ẹfúnróyè, kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sin mẹ́dàlì náà. Ó ní ọmọ òun ṣì lè wálé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà nínú àpótí rẹ̀. Ìgbà tó wá gbà tán pé ọmọ kò bọ̀ mọ́, tó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, olè ti gbé àpótí lọ nígbà tó wà lóko ní Ago Alaye. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ kò ní í kú kí ẹ tó sin ọmọ yín. Màá wá a rí."

Ìgbà tí àwọn ológun tún gbàjọba, tí ìlú le, tí à ń tò nítorí mílíìkì àti ìrẹsì, ni mẹ́dàlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ebi ń pa àwọn ọmọ tí bàbá wọn jagun. Wọ́n á kó ti bàbá wọn wá láti Ajue, bàbá mi á fún wọn ní gàrí, á fún wọn ní ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹnì kan. Mo fárí gá. "Bàbá, ṣé irin la ó máa sè jẹ báyìí ni?"

"Fi mí sílẹ̀, Moyọ̀sọ́lá," ló kàn sọ.

Etí mẹ́dàlì ló kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò, bóyá yóò rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n pín lẹ́yìn ogun Hítílà kò ní orúkọ kankan lára, nítorí náà kì í fi wọ́n pamọ́. Kàmọ́rù, ọkùnrin kan tó ń tà wọ́n fún àwọn òyìnbó l'Ékòó, máa ń yà ní gáréèjì Ore lóṣooṣù. Bàbá mi á kó mẹ́ta tí kò ní orúkọ fún un, á gba ẹyọ kan tó ní orúkọ. Ó rò pé òun gbọ́n.

Lọ́dún kejì ìjọba ológun náà ni Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Bọ́látitó ló sì máa ń sọ ṣáá.

"Mo tọ́jú nǹkan ẹ̀ o," ó ní. "Kò sí Sátidé kan tí n kò fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́, tí n kò fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, bí a ṣe ń fọ àwo idẹ. Ó máa ń dán gbinrin!"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó wò. Iyanrìn kẹ̀? Fún ọgbọ̀n ọdún?

"Màmá, nígbà tí olè fi máa gbé e, ṣé ọwọ́ yín ṣì ń ba orúkọ tó wà létí rẹ̀?"

"Orúkọ ọmọ mi? Níbo ló ń lọ? Etí ẹ̀ ń jọ̀lọ̀ ni, ó jọ̀lọ̀ dáadáa." Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Kò mọ̀wé. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé orúkọ ọmọ òun lòun ń fi ọwọ́ ara òun fọ̀ dànù?

Mo sọ fún bàbá mi. Ì bá dára ká ní mo pa ẹnu mi mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Obìnrin kan láti Ago Alaye ti mú ọ̀kan wá lọ́dún tó kọjá, etí rẹ̀ ń jọ̀lọ̀, ojú rẹ̀ sì ti parẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọba òyìnbó kò ní imú mọ́. Bàbá mi fi í rẹ́rìn-ín, ó sì fi í kún àwọn tó kó fún Kàmọ́rù.

"Mo dì í mú," ó ní. "Ọmọ mi, mo dì í mú lọ́wọ́ yìí." N kò rí ẹkún bàbá mi rí títí di ọjọ́ yẹn. Ó sáré lọ bá Kàmọ́rù ní Ore. Kàmọ́rù ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Èyíinì ti dé ìlú òyìnbó tipẹ́."

Nígbà tó dé, Màmá kò lè jẹun mọ́. Bàbá mi fa agolo jáde, ó ṣa ọ̀kan nínú àwọn ti ogun Jámánì, roboto, tó ní orí ọba, tí orúkọ sì jinlẹ̀ dáadáa létí rẹ̀. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Ìka Màmá rìn yí i ká, ó tún rìn yí i ká.

"Orúkọ ẹ̀ rèé."

"Òun ni, Ìyá mi," ni bàbá mi wí, bàbá mi tó jẹ́ díákónì tí kì í purọ́.

A fi aṣọ funfun wé mẹ́dàlì náà, a sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Òbí kì í dé ìdí sàréè ọmọ nílé wa, nítorí náà inú yàrá ni Màmá wà, lẹ́bàá fèrèsé, tó ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. "Ṣé wọ́n ti bò ó dáadáa?" ó bi mí. Mo ní wọ́n ti bò ó. Ó ní kí n pọn omi wá, kí òun bọ́jú. Ọjọ́ kẹrin ló kú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Gbogbo ìlú ń kí bàbá mi pé ó ṣe ọmọ. Bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Kò ra mẹ́dàlì kankan mọ́. Ìgbà tó tó ọdún kan ló pè mí.

"Sàlíhù lorúkọ tó wà létí èyí tí a sin," ó ní. "Ẹnì kan ló bí òun náà. Àwọn ènìyàn ẹ̀ lè máa wá nǹkan tí wọ́n máa sin. Bí wọ́n bá dé tí n kò sí mọ́, fi ibẹ̀ hàn wọ́n, kí o bá mi bẹ̀ wọ́n."

Bàbá mi ti kú báyìí, èmi ló kù nínú ilé náà. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn tí kò tíì sọ ohun tó bá wá, àyà mi á kọ́kọ́ já. Kò tíì sí ẹni tó béèrè Sàlíhù.