Èèrà Mẹ́ta Nínú Omi Ọmú Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìtapàjí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé inú mi le jù, ẹ kà á délẹ̀.

Ọmọ náà ń sunkún ṣáá. Ọmọ wo ni kì í sunkún? Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìyá ọkọ mi ní kí n fún ọmú mi sínú àwo. Ó mú èèrà mẹ́ta lára ògiri, ó jù wọ́n sí i. Wọ́n kú. Ó ní ẹ ò rí i, ọmú ìyàwó yìí korò, yóò pa ọmọ. Bó ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn, tó ń rọ ọ́ ní omi ògì àti àgbo.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó ní ìyá òun ti tọ́ ọmọ mẹ́fà, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo?

Ọmú mi wú, ó le bí òkúta. Tí ọmọ bá ké ní yàrá kejì, aṣọ mi á tutù. Oorun dá lójú mi. Bí àlejò bá dé, ìyá ọkọ mi á ní kí wọ́n má gbé ọmọ fún mi o, pé èmi apèèrà nìyí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín! Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ikú.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá kí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun nílé. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ọkọ mi ní mò ń sùn. Irọ́ gbuu! Lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ní òun á dúró títí n ó fi jí. Ó jókòó sórí àga.

Nígbà tó rí mi, kò tíì béèrè ọmọ. Ó béèrè ìgbà tí mo sùn kẹ́yìn. Mo sunkún, mo sì tú gbogbo ẹ̀ jáde.

Kò bínú. Ó ní kí wọ́n bu omi mímu sínú àwo, kí wọ́n wá èèrà mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ló kó wọn wá fúnra ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn náà kú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé omi tí ẹ ń mu yìí náà korò?"

Ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ àwo náà. Ó wá ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe dán tèmi wò nínú ulé yìí. Wọ́n gba àkọ́bí mi lọ́wọ́ mi. Kò lò ju oṣù kan lọ láyé."

Ọkọ mi gan-an kò gbọ́ nípa ọmọ yẹn rí. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún.

Kí n tan yín ni? Inú mi dùn! Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo nawọ́, mo ní kó gbé ọmọ mi fún mi.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wá lẹ́yìn náà. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ọmú mi tún ń wá. Á jókòó gbé ọmọ kí n lè sùn, á sì ní kí ọkọ mi lọ fọ aṣọ ọmọ. A jọ máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lásán yẹn ló gba ẹ̀mí mi là.

Ẹ jọ̀wọ́, bí nọ́ọ̀sì bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jẹ́ kó wọlé. Mi ò tíì dárí ji ìyá ọkọ mi o. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ yín rí? Àbí ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ yín? Ẹ sọ ọ́ síbí.