Iṣẹ́ Ìṣirò Mi Nínú Dúrọ́ọ̀ Dókítà Ṣóyẹmí

Dókítà Ṣóyẹmí ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bo orúkọ yẹn, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n tú u síta.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Abẹ́òkúta, Dókítà Ṣóyẹmí sì ni ọ̀gá ẹ̀ka wa. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: bí àlejò bá wọlé, èmi ni wọ́n á ní kó lọ gbé mínírà wá!

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni màmá mi ń ṣe ní Ìtòkú. Wọ́n á pín aṣọ sí ojú onígun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí i. Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ gba ojú méjì tó fara kanra, ọ̀nà mélòó lèèyàn lè gbà ya odindi aṣọ tí ojú kankan ò ní ṣẹ́ kù? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé, lọ kà á. Èmi, aṣọ ni mo fẹ́ tà."

Mo kà á lóòótọ́! Ọdún méjì ni mo fi kà á. Nígbà tí mo gé etí aṣọ náà bí àtẹ̀gùn, ìdáhùn tó jáde dán mọ́rán: èjì lọ́nà èjì lọ́nà èjì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má sá o! Irú kíkà yìí làwọn onífísíìsì ń wá, torí wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn mólékù tó so mọ́ra ní méjì-méjì ṣe ń tò sára nǹkan líle.

Mo tẹ̀ ẹ́ ní tápùráítà, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Dókítà Ṣóyẹmí kó bá mi wò ó, kí n tó fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Mo lọ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó kúkú mọ ohun tí mo wá ṣe! Ó ní ó wà lọ́wọ́ òun. Ọdún kan kọjá, mo tún lọ. Ó ní, "Ṣé ìwé ìròyìn ni mo ń kà ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, wàdùwàdù!"

Kí ló dé tí n kò fi ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́? Ẹ bi mí dáadáa! Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fo àgbà dá. Òun ló gbà mí síṣẹ́, ìjókòó kan náà sì ni òun àti bàbá mi ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Aké. Mo ń dúró. Ẹ wo òmùgọ̀!

Lọ́dún kẹrin, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣìrò kan dé. Mo ṣí i ní láíbìrì. Etí àtẹ̀gùn mi rèé, èjì lọ́nà èjì mi rèé, orúkọ ọkùnrin tí kò dé Ìtòkú rí ló wà lókè rẹ̀! Kò jí i o. Òun náà ló ronú kàn án. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí mi ò rí ẹni bá jà.

Títí dòní, àwọn onífísíìsì ń lo èsì yẹn, orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n sì fi ń pè é. Èmi? Mo ń máàkì ìdánwò. Wọn ò fún mi ní ìgbéga, wọ́n ní n kò ní iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ta ló buwọ́ lu lẹ́tà náà? Dókítà Ṣóyẹmí!

Ọ̀wọ̀ kì í ṣe kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹnu ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ gbà á lónìí! Ẹ̀yin tírú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Lọ́dún tí Dókítà Ṣóyẹmí fẹ̀yìn tì, mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n. Mi ò kúnlẹ̀. Mo bi í bóyá ó kórìíra mi ni. Ó wọ yàrá, ó gbé iṣẹ́ mi jáde. Ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ kún fún àmì pẹ́ńsù. Ìyókù funfun báláú. Ó ń wolẹ̀. Ó ní, "Fọlákẹ́, láti ojú ìwé kẹta ni kò ti yé mi mọ́. Báwo lo ṣe fẹ́ kí n sọ ìyẹn fún ọ, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ?"