Lọ́fẹ̀ẹ́ Ni Wọ́n Kó Wa Lọ Sójú Ogun

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ayé wa dàrú ní Tripoli, géètì kan ni mò ń jó lọ́wọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé Líbíà nígbà náà: kò sí jórinjórin tó tó mi ní gbogbo òpópónà wa. Àwọn Lárúbáwá pàápàá a máa fo ṣọ́ọ̀bù ara wọn wá bá mi. Ọkọ̀ ológun dúró, wọ́n ní kí n gòkè. Wọ́n ti kó Múfútáù, ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò. Ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n kó wa lọ, ká máa rọ yanrìn sápò. Àwọn ológun tó ń gbowó oṣù ní bàtà, wọ́n ń mu omi inú ike. Àwa tí wọ́n fipá mú, táńkì kan ni wọ́n gbé fún wa, ó sì ń jò. Bọ́ǹbù ń dún, ilẹ̀ ń mì, omi ń lọ sínú yanrìn.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ mi nìyí," mo sọ fún olórí wọn. "Ẹ fún mi ní iná díẹ̀, kí n jó táńkì yìí."

"Yanrìn ni kí o rù. Ẹ̀yin kì í gbowó. Bí o bá kú, a ó kó ẹlòmíràn."

Mo fi ọṣẹ dí i, bí a ṣe ń dí táńkì epo nílé. Omi fọ ọṣẹ dànù. Àfọ́kù bọ́ǹbù ti ya Múfútáù nítan, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ìwọ tó ní o lè jó ọ̀run mọ́ ilẹ̀," ó ní, "táńkì yìí ló wá ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín."

"Dákẹ́, fi itọ́ pamọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn olówó oṣù ti bá ọkọ̀ lọ. Omi tó ń kán nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó yá, ìyẹn náà dákẹ́.

Hamburg ní Jámánì ni mo wà báyìí, ládùúgbò Jenfeld. Irin tó bá le, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀rọ̀ Wehrdienst, iṣẹ́ ológun tiwọn, ló gba ẹnu gbogbo èèyàn, pé ṣé kí wọ́n fipá mú ọmọ wọṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Wàsíù, ọmọ yunifásítì tó wá kí wa láti Berlin, ní tipátipá ló dáa.

"Ẹ̀gbọ́n, owó oṣù ológun ti pọ̀ jù. Tipátipá ló dínwó."

"Ta ló dínwó fún?"

"Fún ìjọba."

Inú bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ ìró ìbọn rí, ẹ mọ ìṣirò, ẹ ò ka èèyàn mọ́ ọn. Mo sọ fún un ohun tí mo bá nígbà tí mo fẹsẹ̀ rìn padà sí àdúgbò wa ní Tripoli. Ilé búrẹ́dì Múfútáù ṣí sílẹ̀, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìyẹ̀fun ku àpò kan. Àwọn àlejò bíi wa, tí wọn ò ríbi sá sí, jókòó síwájú ibẹ̀, ebi ń pa wọ́n. Bàbá arúgbó kan bi mí pé ìgbà wo ni Múfútáù ń bọ̀. Mo kó igi sínú ààrò, mo dáná sí i. Iná ni mo mọ̀ ọ́n dá. Mi ò mọ búrẹ́dì í ṣe.