Ìdọ̀bálẹ̀ ló lu apá bàálù mi

Ìkíni ba iṣẹ́ mi jẹ́ lónìí, ní Ùsì níbí!

Mò ń fi wáyà gbígbóná tí mo so mọ́ bátìrì ọ̀kadà gé fóòmù funfun, kí n fi ṣe apá bàálù kékeré mi. Wáyà náà kò gbọdọ̀ dúró lójú kan, torí yóò yọ́ fóòmù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá wọlé.

“Ẹ káàbọ̀, sà!”

“Orí ìjókòó lo ti ń kí mi nínú ulé yìí?”

Mo fi wáyà sílẹ̀ nínú fóòmù, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì mi. Èéfín ń rú.

Kí n tó dìde, ihò tó gba ìkúùkù ti lu apá bàálù náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó, wọ́n ní: “Uṣẹ́ yìí fẹ́ sùúrù. O máa ń kánjú jù.”

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ títí oríkì fi tán, ṣé òun ló kánjú?