Ràṣídá Fẹ́ Gba Yàrá ní Ìbà

"Ṣé ó lè dá gbé?" Èmi ni bàbá onílé náà bi, bẹ́ẹ̀ Ràṣídá tó fẹ́ gba yàrá jókòó síwájú wọn gbangba.

Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ní Igbó-Elérin, a ní ibùdó kékeré kan tí àwọn àkàndá ẹ̀dá ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè dá gbélé ara wọn: kí wọ́n dá se oúnjẹ, kí wọ́n dá wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn bèèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni Màmá Ẹniọlá, tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, ti ń darí gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. O ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sọ." Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tó kan onítọ̀hún, kí n wo ojú rẹ̀, kí n dákẹ́. Fún èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, iṣẹ́ ńlá ni.

Láti ìgbà ìbí ni ọwọ́ Ràṣídá ti máa ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde. Ó ń ta ọṣẹ àti ìpara fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbà, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájì Wàídì, ní Ọ̀jọ́. Àlàájì fẹ́ràn rẹ̀ dénú, àmọ́ àwọn ló ń yan aṣọ tó máa wọ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ kó jáde, wọ́n wá fi ìbínú bá wa ní ibùdó. Wọ́n bèèrè pé tó bá ṣubú ńkọ́?

Ràṣídá ló dáhùn. "Ẹ̀yin náà... máa ń ṣubú, Ẹ̀gbọ́n mi."

Àlàájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí báńdéèjì ṣì wà lápá wọn, fa ọwọ́ aṣọ wọn bò ó.

Níwájú onílé yẹn, mo wo ojú Ràṣídá, mo dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà dìde kó tó sọ ọ́ dé ìdajì. Wọ́n ní ilé àwọn kì í ṣe ilé ìwòsàn. Inú mi bàjẹ́. Ràṣídá ní kí n nu ojú mi, ìpàdé àwọn onílé àdúgbò náà lòun ń lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá náà wà níbẹ̀. Alága ní kí n sọ ohun tí a bá wá. Mo wo Ràṣídá. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú. Bó ṣe ní "Mo fẹ́...", ẹnì kan bá a parí rẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì tún já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀; ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé báyìí la ó ṣe máa bá a lọ, gbogbo wọn pa rọ́rọ́.

"Yàrá ni mo fẹ́ gbà," ó wí. "Mi ò tọrọ. Ara mi ò sì ṣàìsàn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́ fún mi... kó wo ojú mi, kó sọ ọ́ fún èmi. Kó má sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì mí."

Bàbá onílé yẹn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ṣùgbọ́n opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Súnkànmí yí àga wọn kọjú sí Ràṣídá.

"Ṣé o máa ń yí rédíò sókè?"

"Gan-an ni, mà."

"Èmi náà. Wá wo yàrá tèmi lọ́la."

Ràṣídá ló ń kọ́ àwọn ẹni tuntun ní ibùdó báyìí. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa rántí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Àlàájì wá kí i nílé tuntun. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kanlẹ̀kùn, Ràṣídá sì dáhùn láti inú ilé pé òun ń bọ̀. Ó pẹ́. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àlàájì gbá ìlẹ̀kùn mú, wọ́n fẹ́ tì í wọlé. Wọ́n wò mí, èmi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n sì dúró bí àlejò títí onílé fi wá ṣílẹ̀kùn.