Balùwẹ̀ Tí Mo Kọ́ fún Ìyá Mi

Nígbà tí mò ń kọ́lé lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tí mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú. Yíyàwòrán ilé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, mo sì gbà pé ẹni tí kò bá lè ka àwòrán kò yẹ kó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Tí bíríkìlà bá ń fi okùn wọn ògiri, èmi á máa yínmú. Onílé iwájú wa lẹ táìsì mọ́ gbogbo ara ilé rẹ̀ níta títí ó fi dà bí ibi tí wọ́n ti ń kun màlúù, bẹ́ẹ̀ omi ìwẹ̀ rẹ̀ ń jò wọ pálọ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kiri àdúgbò. Ìyàwó mi ní kí n rọra, pé àwa náà ò tíì kọ́ tiwa tán. Mo ní tiwa ní àwòrán.

Ohun kan ṣoṣo tó ká mi lára nínú ilé náà ni balùwẹ̀ ìyá mi. Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ń gbé nígbà náà, nínú ilé bàbá wa. Ẹja títà ló fi tọ́ wa. Balùwẹ̀ wọn wà lẹ́yìnkùlé: páànù mẹ́ta, òkúta pẹlẹbẹ kan, àti ilẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá. Ibẹ̀ ló ti ṣubú, orúnkún rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Láti ìgbà náà, ìyàwó àbúrò mi ló ń wẹ̀ fún un. Ọmọ dáadáa ni ìyàwó náà, kì í ráhùn rárá, ṣùgbọ́n ìyá mi tó ti ń dá agbọ̀n ẹja gbé láti kékeré kò lè gbà á mọ́ra. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, ó wolẹ̀, ó ní:

“Ọmọ mi, ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mi ò tíì dá wà nínú balùwẹ̀. Ẹlòmíì ló ń fọ̀ mí bí ẹní ń fọ àwo. Ó wù mí kí n tún dá wẹ̀ kí n tó kú.”

Mo ṣèlérí fún un pé tó bá ti dé Ìkòròdú, á dá wẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo ya balùwẹ̀ náà. Ó fara ti yàrá rẹ̀. Mi ò fi òkè kankan sí ẹnu ọ̀nà tó máa ní láti gbẹ́sẹ̀ rékọjá. Ilẹ̀ kàn rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi ihò omi ní kọ̀rọ̀, ṣáwà sì wà lókè. Nítorí náà a ní láti kun gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ àti ìdajì ògiri ní ọ̀dà dúdú kan tó nípọn, tí kì í jẹ́ kómi gbà á kọjá, ká tó lẹ táìsì lé e. Bíríkìlà mi bi mí pé kí ni ti ọ̀dà, ṣé táìsì ò ní dá omi dúró ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lágbègbè wa nígbà náà ló gbà pé tí nǹkan bá ti ń dán, omi ò lè wọ̀ ọ́.

Onítáìsì tí wọ́n júwe fún mi wá láti apá Ọ̀ṣun, yàrá kan ló háyà lẹ́yìn ọjà. Kò mọ àwòrán kà, téépù télọ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Ó kun ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ aṣọ sáàárín wọn. Nígbà tó gbẹ, ó ki àkísà bọ ihò omi, ó bu omi sílẹ̀ títí tó fi mu ọrùn ẹsẹ̀, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí omi náà dé.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Omi ni mo fi ń bi í, ọ̀gá tíṣà. Tó bá di ọ̀túnla, tí omi ò bá kúrò lójú ìlà, a jẹ́ pé ó ti dáhùn nìyẹn.”

Mo ní ṣé ó fẹ́ kí ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀túnla, omi ṣì wà lójú ìlà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àwòrán mi ló dáa.

Ìyàwó mi wọ inú balùwẹ̀ náà, ó yí i wò, ó ní, “Ṣé ìdúró ni Màmá máa fi wẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn?”

Nínú gbogbo àwòrán mi, kò sí ìjókòó.

Bíríkìlà gbọ́, ó bi mí bóyá ìyá wa fẹ́ máa ṣèpàdé níbẹ̀ ni. Onítáìsì ní tiẹ̀ ní kò burú, kí n jẹ́ kóun lọ parí iṣẹ́ kan ní Ìmọ̀ta. Tóun bá dé, òun á mọ búlọ́ọ̀kù lé orí ọ̀dà náà, òun á sì kun ọ̀dà yí ìjókòó ọ̀hún ká. “Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ilẹ̀ yẹn o, ọ̀gá.”

Ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi ń bọ̀. Mo wo ọ̀dà náà bó ṣe ń yọ̀, mo ní ìjókòó tí wọ́n kàn gbé ka orí ẹ̀ á yẹ̀ lọ́jọ́ kan, á sì gbé ìyá mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Aláìmọ̀wé ò lè rò ó débẹ̀. Mo gé irin rọ́ọ̀dù mẹ́rin, mo gbé òòlù, mo kàn wọ́n gba inú ọ̀dà wọ inú kọnkéré. Mo mọ búlọ́ọ̀kù yí wọn ká, mo rọ kọnkéré sí i. Ó dúró gbagidi. Mo ní kí ìyàwó mi jókòó lé e, kó rí iṣẹ́ ẹni tó kàwé.

Onítáìsì dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó wo ìjókòó náà, ó fọwọ́ pa á lára.

“Ẹ ò lu ọ̀dà sá?”

“Ṣé ọmọdé ni mí ni?”

Ó fẹ́ kun ọ̀dà yí ìjókòó náà ká, mo ní ọ̀dà ti wà nísàlẹ̀, ó ti tó. Ó fẹ́ tún fi omi bi í, mo ní ṣebí ó ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó lẹ táìsì rẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, ó lọ.

Ìyá mi dé. Ṣáwà tí mo fi ń yangàn ò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kì í síná tó máa fa omi sókè, ṣùgbọ́n kò bìkítà. Garawa àti ike ló gbé wọlé, ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó tó wákàtí kan tó fi wà níbẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àtíkè lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ síta, mo tún lọ bú ilé onílé iwájú wa.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ògiri tó wà níbi ìrọ̀rí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Pẹ́ǹtì wú, ó ń ṣí. Ibùsùn rẹ̀ ń tutù, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ gbogbo wa ni, mo gbé tèmi, mo pe onítáìsì. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọ̀dájú, mo ní ó fẹ́ fi ọ̀tútù pa ìyá mi. Mo rí i dájú pé àwọn ará àdúgbò ń gbọ́.

Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò bá mi jà. Ó ki àkísà bọ ihò omi, ó bu omi sílẹ̀, ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, omi ti fi ìlà sílẹ̀ dáadáa. Ó tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ ìjókòó, ó bọ́ra sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Irin mẹ́rin yọrí síta, wọ́n ti dípẹtà, omi rogún sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó gbójú sókè. “Ta ló kan irin yìí?”

Ìyàwó mi wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀, ìyá mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ògiri mú. Mò ń wo irin.

“Èmi ni,” ni ìyá mi wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n kàn án.”

Ọjọ́ kejì tí wọ́n lẹ táìsì tán ni ìyá mi dé láti Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wa la mọ̀. Onítáìsì wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ó dáa, Màmá. Ẹ kàn án dáadáa.” Ó tẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbà kó tó tún un ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìyàwó mi ló ń wẹ̀ fún ìyá mi nínú balùwẹ̀ tiwa. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, ìyá mi á fi aṣọ bora, á máa wolẹ̀ bó ṣe máa ń wolẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Kò bá mi wí, kò tilẹ̀ dárúkọ irin. Mo kórìíra ara mi lọ́sẹ̀ náà ju bí mo ṣe kórìíra gbogbo bíríkìlà Ìkòròdú lọ.

Nígbà tí omi dúró lójú ìlà fún ọjọ́ méjì, tí táìsì tuntun sì ti gbẹ, ìyá mi gbé garawa rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́ nínú. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sára, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú.

“Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, Màmá. Màmá, èmi ni mo kan irin yẹn.”

“Mo mọ̀. Kúrò níbẹ̀, mò ń wẹ̀.”